Aṣọ Alábùlẹ̀ Tí Mo Gbé Bọ̀ fún Ṣọ́jà Ilé Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mú mi lọ ní ẹsẹ̀ mi, tó sì mú mi bọ̀ ní ẹsẹ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ẹdẹ, bí mo bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ẹni tó ń kọjá á dúró, á ní, "Tẹ́lọ̀, báwo ni yìnyín ṣe rí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó funfun, ó tutù, ó sì máa ń yọ́. Ọ̀rọ̀ yìnyín parí síbẹ̀. Ohun tí mo rí tó mú mi jókòó kọ̀wé kì í ṣe yìnyín, aṣọ ni. Kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé tẹ́lọ̀ rìnrìn àjò, aṣọ ló rí.

Kí n tó sọ ti aṣọ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí mo torí rẹ̀ gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi, Ràímì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà, wà lára àwọn tó lọ sí ogun abẹ́lé nígbà tí èmi ṣì ń gbé wàláà lọ sí ilé-kéwú. Ó bọ̀ pẹ̀lú etí kan tí kò gbọ́ràn mọ́ àti orúnkún kan tí kò ṣeé ká dáadáa. Wọ́n kí i káàbọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti oko dé. Ó wọlé, ó mú ọkọ́, ó ń dáko, kò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ẹnì kankan. Àwa náà kò bi í. Ó ti darúgbó báyìí. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́hun fún láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kú.

Ìlú tí àgbàdo pọ̀ ju ènìyàn lọ

Ọmọ mi Sìdíkà ló bímọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ bá a wẹ ọmọ; nígbà tí ìyẹn padà dé, Sìdíkà ní kí èmi náà wá gbé ọmọ-ọmọ mi. Ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé wà láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Àgbàdo ni mo ń rí lójú fèrèsé ọkọ̀ títí ó fi rẹ ojú mi. Mo ní kí ọkọ ọmọ mi dúró níbi tí wọ́n bá ti ń sun ún tà, kí a ra díẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, màlúù ló ni gbogbo èyí."

"Màlúù?"

"Màlúù ni, sà. Àti ẹlẹ́dẹ̀."

Mo ní, "Wọ́n ń gbádùn o. Ní Sẹ̀kọ̀nà, bí wọ́n bá gbin ìdajì èyí, kò ní sí ẹni tó máa kọjá tí àgbàdo ò ní há sí eyín rẹ̀."

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ilé wà, ọkọ̀ wà níwájú ilé, ènìyàn kò sí. Inú fóònù mi ni ìpè ìrun ti ń wá, bí ẹni pé ẹnì kan ń yọ́ ọ sọ sí mi létí. Bí mo bá pàdé ẹnì kan lójú ọ̀nà, kò ní kí mi, yóò kàn fi eyín hàn mí, yóò sì kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn gan-an ni ìkíni, àti pé àwọn náà ń retí tèmi.

Obìnrin arúgbó kan ló ń gbé ilé tó tẹ̀ lé ti Sìdíkà. Kárọ́lì ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé ló ti gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ó fi ìnuwọ́ wé e bí ọmọ tuntun. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n má pe òun ní mà, Kárọ́lì lòun ń jẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu pe ẹni tó jù mí lọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Mo ń pè é ní Màmá Kárọ́lì. Òun náà kò lè pe Mùsílíù délẹ̀. Músì ló ń pè mí. A gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara wa.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó síwájú ilé, mo ń fi ọwọ́ ká etí aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ọmọ. Ó wá dúró lé mi lórí, ó ń wo abẹ́rẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ, Músì?"

"Iṣẹ́ mi ni, mà. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ tó ń gbé ilé kejì sí yín."

"Ní ọ̀sán Túsìdeè, ṣé o máa ń ní nǹkan ṣe?"

"Ọmọ ni mò ń gbé."

"Gbé ọmọ náà dání," ó ní.

Yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì

Ṣọ́ọ̀ṣì ni ibi tó mú mi lọ, yàrá ńlá kan tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò ní purọ́, ẹsẹ̀ mi wúwo lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá rántí Ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú, tó máa ń sọ pé bí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ kan ṣe rí, ká wo ẹni tó máa jàǹfààní rẹ̀. Mo ní Bísímílláhì, mo wọlé.

Àwọn obìnrin arúgbó ló yí tábìlì ká, pẹ̀lú ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń lọ aṣọ. Àgékù aṣọ ló kún ibẹ̀, irú èyí tí àwa tẹ́lọ̀ ń kó sínú àpò fún àwọn tó ń rọ ìrọ̀rí. Wọ́n ń gé wọn ní igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ń so wọ́n pọ̀ títí yóò fi fẹ̀ tó ìbora. Wọ́n á tẹ́ òwú sí i lábẹ́, wọ́n á fi aṣọ mìíràn gbé òwú náà, wọ́n á sì wá fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀ já. Àwọn ṣọ́jà tó ti jagun rí ni wọ́n ń rán an fún, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, aṣọ alábùlẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò ní. Yàtọ̀ sí eégún, ta ló ń fi àgékù ṣe ẹ̀ṣọ́? Ó ń jà nínú mi. Mo rọra bi Màmá Kárọ́lì bóyá wọn ò lè rí odindi rà fún àwọn ṣọ́jà náà.

"Odindi kún ọjà," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá rà á, owó mi nìkan ló máa rí. Èyí, ó máa mọ̀ pé ẹnì kan jókòó."

Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí Iléyá kù sí ọ̀la. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ kàn mí lápá, ó ní, "Ẹni tó ń lé ọ yẹn, ṣé ó ti sún mọ́ ibí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá wọn fi ọwọ́ rán an.

Olúkúlùkù ló ń gbé oúnjẹ wá láti ilé. Ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n gún mọ́ wàrà wà níbẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n da ṣúgà sí wà níbẹ̀, àti ewé tútù tí wọn ò bọ̀, tí wọn ò sè. Mo sọ fún Sìdíkà pé bí a bá gbé ewé yẹn fún ewúrẹ́ ilé wa, yóò béèrè ata. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún padà lọ, mo rí bébà kékeré lára àwọn abọ́ kan. Wọ́n ya ẹlẹ́dẹ̀ sí i, wọ́n sì fa ìlà gba ara rẹ̀ kọjá, kí n lè mọ èyí tí n kò ní bẹ̀rù láti jẹ. Nítorí tèmi nìkan ni, kò sì sí ẹni tó fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ìrun Àyílà tó, ọkùnrin tó ń lọ aṣọ fi igun yàrá kan hàn mí. Ó ti gbá a.

Mo ti kírun sí ibi púpọ̀ láyé mi. Mi ò ní gbàgbé igun yẹn.

Mo pe alààyè ní òkú

Ọjọ́ kan tó bọ́ sí ìsinmi Sìdíkà, òun náà bá wa lọ, nítorí wọ́n fẹ́ fi aṣọ tó ti parí fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ti bàbá arúgbó kan wọlé lórí àga onítáyà. Gbogbo ènìyàn dìde. Obìnrin méjì gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, wọ́n na aṣọ náà, wọ́n bò ó láti èjìká títí dé orúnkún. Ọmọ bàbá náà obìnrin ń sunkún. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́ síta: "Ìnnọ́ lílláhi wa ìnnọ́ iléhi rọ́jiún."

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Níbi tí a ti tọ́ mi, bí ẹbí bá dìde dúró, tí omi ń bọ́ lójú ọmọ, tí wọ́n sì gbé aṣọ wá bo bàbá, ọ̀rọ̀ ti parí. Mùsùlùmí tó bá wà níbẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó wí. Mi ò tíì rí i rí kí wọ́n bo ẹni tí ojú rẹ̀ là.

Bàbá náà yíjú sí wa. "Kí ló wí?"

Sìdíkà ń fa ọwọ́ aṣọ mi. Kò mọ bí òun ṣe máa tú u. Ó padà tú u fún wọn. Bàbá náà wo mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Sọ fún bàbá rẹ kó ní sùúrù," ó ní. "Ó kù díẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni Màmá Kárọ́lì ṣàlàyé fún mi. Ṣọ́jà ni ọkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín, òun sì jókòó níbẹ̀, ó ń rò ó pé etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ti dí. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í fún òkú. "Ẹni tó ṣì lè sọ pé kò bá òun lára mu ni mo ń rán an fún," ó ní.

Mo wá sọ ti Bọ̀ọ̀dá mi, Ràímì, fún un. Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Mo ní ogun tí ó jà kì í ṣe ogun tiwọn.

"Ó jagun, àbí kò jagun?"

"Ó jagun, mà."

"Òtútù máa ń mú un?"

"Bí ọyẹ́ bá dé."

"Kí la tún ń wò?" ó ní, ó sì fa àgékù aṣọ sọ́dọ̀.

Mo gé díẹ̀ nínú àǹkárá aláwọ̀ aró tí Sìdíkà ní, a so ó mọ́ ti wọn. Wọ́n máa ń rán orúkọ ṣọ́jà sí igun aṣọ náà, pẹ̀lú ibi tó ti jà. Mo bá pe Bọ̀ọ̀dá mi lórí fóònù, mo kígbe sí etí tó ń gbọ́.

"Ibi tí mo ti jà?" ó ní. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ lọ ra ilẹ̀ níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n fẹ́ rán an sára aṣọ ni, Bọ̀ọ̀dá."

Ó ní, "Kọ orúkọ mi. Ìyókù, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n." Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rán sí i.

Ẹdẹ

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo padà. Eruku, ariwo ọ̀kadà, ẹni tó ń kí mi látòkèèrè tí kò tíì rí ojú mi. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Wọ́n kí mi títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó síwájú ilé ní tirẹ̀, ó kọjú sí oòrùn. Mo ti ń wo bí àwọn obìnrin yẹn ṣe ń ṣe é, ó sì ti mọ́ mi lára. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, mo na aṣọ náà, mo fi bò ó léjìká.

Ó ta gìrì, ó yíjú. Ó rí aṣọ náà, ó rí àwọn ẹbí tó dúró yí i ká.

"Mùsí," ó ní, "ta ló kú?"

Ìyàwó rẹ̀ ti káwọ́ lérí. Ibẹ̀ ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ohun tí mo ṣe. Ẹni tó pe alààyè ní òkú lókè òkun ti wá bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè níwájú ilé bàbá wọn.

"Kò sẹ́ni tó kú, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni."

"Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ kó gba iwájú. A kì í gba ẹ̀yìn yọ sí ṣọ́jà." Ó bọ́ ọ kúrò lára. Ó ká a bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ní bárékè, igun lé igun, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Gbogbo ọ̀nà tí aṣọ náà ti rìn, iwájú ẹni tó ni ín ló ti padà sínú àpò mi.

Mi ò tún sọ ọ́ mọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́hun. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, Bọ̀ọ̀dá mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Aṣọ yẹn, ṣé o ti fún ẹlòmíràn?"

"Ó wà, sà."

"Gbé e. À ń lọ sí Ara."

"Ta la ní ní Ara?"

"Àbúrò Làmídì."

Mi ò gbọ́ orúkọ Làmídì rí láyé mi. Inú kẹ̀kẹ́ ló ti sọ ọ́ fún mi, ó ń wo ojú ọ̀nà bí ó ti ń sọ. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì di ṣọ́jà. Làmídì a máa fi ohùn ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ títí àwọn tó kù á fi dojú bolẹ̀ nínú ẹ̀rín. Ìbọn bà á létí odò kan ní ìhà ìlà-oòrùn. Bọ̀ọ̀dá mi ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ogun parí, ó rò pé wọ́n á ti sọ fún ilé rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ pé kò sẹ́ni tó sọ. "Ọ̀rọ̀ tó bá ti pẹ́ lẹ́nu, ṣe ló máa ń wúwo sí i," ó ní. "Ọjọ́ tí o gbé aṣọ yẹn lé mi, òun ló wá sí mi lọ́kàn. Òun ni kò rí aṣọ."

Ara

Àbúrò Làmídì ti di ìyá arúgbó, ó jókòó lábẹ́ ibòòji ilé, ó ń bó ègúsí. Ìyá Mọ́nsúrù ni wọ́n ń pè é. A kí i. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Ràímì ni mí, ará Ẹdẹ. Èmi àti Làmídì—"

"Mo mọ̀ yín," ó ní. Kò dáwọ́ ègúsí dúró. "Ẹ tẹ̀ lé e wá síbí kí ẹ tó lọ. Ẹ ga jù báyìí lọ."

"Ayé ti tẹ̀ mí kúrú."

"Ó tẹ gbogbo wa." Ó gbá èèpo kúrò lórí itan. "Ìyá mi retí yín títí ó fi lọ."

Bọ̀ọ̀dá mi kò lè jókòó. Ó dúró sójú kan, ó sọ ọ́ fún un, ó sì rọra sọ ọ́ tán. Ìyá náà ní òun ti mọ̀ pé ó kú. Ẹni tó wà láàyè kì í pẹ́ tó báyìí. Ó ní ohun tí òun ò mọ̀ ni bóyá ó dá wà.

"Kò dá wà. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi."

"Ta ló kírun sí i lára?"

"Èmi àti ará Ìwó kan. A ò mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ohun tí a mọ̀ la kà."

"Aṣọ wo lẹ fi wé e?"

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "A ò rí aṣọ. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi bò ó. Òun ni mo ṣe gbé èyí wá."

Mo tú aṣọ náà. Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á láti etí dé etí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ síwájú Bọ̀ọ̀dá mi, arúgbó síwájú arúgbó. "Ẹ ṣé tí ẹ ò fi í sílẹ̀ níta," ó ní. "Ẹ ṣeun."

Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ gbé e dìde, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́, ló bá di pé òun náà wà nílẹ̀. A ka Fátíhà fún Làmídì. Bọ̀ọ̀dá mi ni ìyá náà ní kó ṣáájú, kì í ṣe èmi tí mo kéwú.

Nígbà tí a parí, ìyá náà bi mí pé ta ni wọ́n rán aṣọ náà fún. Mo fi orúkọ Bọ̀ọ̀dá mi hàn án ní igun rẹ̀.

"Làmídì ni mo fẹ́ kó ni ín," ni Bọ̀ọ̀dá mi wí.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ hú u ni?" Ó yíjú sí mi. "Tẹ́lọ̀, ẹ gé e sí méjì."

Mo di aṣọ náà mú. Mo rí gbogbo ọwọ́ arúgbó tó yí tábìlì yẹn ká. "Ìyá, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Odindi ni wọ́n ní kó jẹ́."

"Ta ni wọ́n ní àwọn rán an fún?"

"Ṣọ́jà tó lọ sógun."

"Àwọn méjì ló lọ," ó ní.

Wọ́n yá sísọ́ọ̀sì wá láti ilé kejì. Ẹnu rẹ̀ ti kú díẹ̀. Mo ní Bísímílláhì, mo gé e, òwú inú rẹ̀ sì yọ síta ní funfun. Mo fẹ́ gbé ìdajì tó ní orúkọ fún Bọ̀ọ̀dá mi, ìyá náà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ kí orúkọ ẹni tó bo ẹ̀gbọ́n òun wà nínú ilé òun. Èyí tí kò ní orúkọ ló gba iwájú wá fi bo Bọ̀ọ̀dá mi léjìká. Ó ní, "Ti Làmídì nìyí. Ẹ bá a lò ó."

Kò bọ́ ọ títí a fi dé Ẹdẹ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ká etí ibi tí mo gé, nítorí òwú ń yọ, ojú sì ń ti èmi tí mo jẹ́ tẹ́lọ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, bí ọyẹ́ bá mú, ó ń jókòó síwájú ilé pẹ̀lú rẹ̀ lára. Ẹni tó bá kọjá á bi í pé, Bàbá Ṣọ́jà, ta ló fa aṣọ yín ya? Á ní ìdajì kejì wà ní Ara, á sì sún àga fún un kó jókòó.